Kọ́là Ọrùn Fáàrí

Ìyá ọkọ mi kì í jẹun àfi tí ehoro bá ń jẹun. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí létí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an ni mo ṣe sọ ọ́ yẹn. Láti ìgbà tí Bàbá, ọkọ wọn, ti kú, tí ọkọ mi sì ti lọ kó wọn wá sọ́dọ̀ wa, oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ wọ ọ̀fun wọn mọ́. N óò se ìrẹsì, wọ́n á fi síbí tú u wò, wọ́n á ní ó dáa, wọ́n á dé e padà. N óò dín ẹyin, wọ́n á ní kí n fi sílẹ̀ ná, ó gbóná. Kí ẹyin tó tutù, wọ́n á ti lọ dùbúlẹ̀. Òrùka wọn ń yọ̀ bọ́ sínú omi ọṣẹ. Èmi aránṣọ ni mo ń dín aṣọ wọn kù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó ṣe, mo sọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé, mo sunkún. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ẹlẹ́kún o. Ẹnu mi le, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí ìyá ọkọ òun rù tán mọ́ òun lọ́wọ́? Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ wọn?

Ọmọ wọn ọ̀hún ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sọ́nà jíjìn. Ó lè lọ kí oṣù kan lé kó tó padà. Nígbà kan tó dé, ó gbé páálí kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, páálí ń mì. Ehoro méjì ló wà níbẹ̀, abo funfun kan àti akọ kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀. Ó ní kí n máa sìn wọ́n, pé wọn kì í pariwo. Mo bi í bóyá wọ́n lè bá mi rán bọ́tìnnì, nítorí ẹni tó máa wúlò fún mi nínú ilé yẹn ni mo ń wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó kan àgò méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó tún bá ọ̀nà lọ. Abo yẹn ń gbé ara rẹ̀ bí ìyàwó olówó, ni mo bá sọ ọ́ ní Fáàrí. Akọ ò mọ̀ ju ẹnu lọ, mo sọ ọ́ ní Wọ̀bìà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, mi ò bá Màmá ní yàrá wọn. Àyà mi já. Mo wá wọn dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, mo bá wọn lórí àga kékeré níwájú àgò Fáàrí. Fáàrí ń fa koríko gbígbẹ wọlé, ẹnu rẹ̀ ń yára bí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Búrẹ́dì tí mo ti gbé sílẹ̀ fún Màmá láti àná wà lọ́wọ́ wọn. Ehoro ń jẹ, Màmá náà ń jẹ, ojú wọn ò kúrò lára ehoro, ó jọ pé wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń jẹun. Wọ́n jẹ búrẹ́dì náà tán. Mi ò gbọdọ̀ wúkọ́. Mo yọ́ ẹsẹ̀ padà sínú ilé, mo ní, Ọlọ́run, ẹ ṣé o, ehoro ló kù tí ẹ máa fi yọ mí.

Bó ṣe di pé ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbé oúnjẹ Màmá lọ nìyẹn. Tí mo bá ti rí i pé Fáàrí ti ki ẹnu bọ koríko, n óò sáré gbé abọ́ jáde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kún padà. Mo tú ojú ìrán kan lára ibi tí mo ti dín aṣọ wọn kù, inú mi dùn débi pé mo ń kọrin nídìí ẹ̀rọ.

Ẹ má gbàgbé pé nọ́ọ̀sì ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, olórí nọ́ọ̀sì gan-an, èyí tí dókítà kékeré ń bẹ̀rù. Ìmọ́tótó borí àrùn mọ́lẹ̀, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wọn láàárọ̀, ìyẹn náà ni lálẹ́. Nínú ilé wa, bí wọ́n bá lè fọ omi, wọ́n á fọ̀ ọ́. Àlùbọ́sà tí mo ti bó, wọ́n á tún fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Mo bá wọn jà sí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé o mọ ọwọ́ ẹni tó ti kàn án rí?" Mo pa ẹnu mi mọ́, mo ń jẹ ọbẹ̀ tó ń rùn bí ọṣẹ.

Ní àárọ̀ kan mo gbọ́ igbe wọn lẹ́yìnkùlé.

"Ìyàwó! Ìyàwó mi o! Wá wo nǹkan!"

Mo sáré jáde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Màmá dìde dúró, wọ́n na ìka sí àgò bí ẹni tó rí olè. Fáàrí jókòó jẹ́ẹ́, ó tẹ orí sílẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e sókè, ẹnu rẹ̀ ń lọ, ó gbé nǹkan mì.

"Ìgbẹ́ ni," ni Màmá wí. "Ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ! Gbígbóná ló ń gbà á, kò tilẹ̀ jẹ́ kó kan ilẹ̀!"

"Háà! Bóyá ebi ló ń pa á, mà?"

"Ebi wo? Ṣé o ò rí koríko níwájú rẹ̀? Ìwàkiwà ni. Ó máa fi kó aràn ni, ó máa fi kú ni." Ohùn wọn gbọ̀n díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, mo sì gbọ́ ọ.

Ohun tí wọ́n ṣe sí i ni pé wọ́n rántí ọgbọ́n tí wọ́n máa ń dá nílé ìwòsàn kí aláìsàn má bàa fọwọ́ kan ojú egbò. Wọ́n ní kí n rán nǹkan tí Fáàrí máa wọ̀ sọ́rùn tí orí rẹ̀ ò fi ní lè dé ẹ̀yìn. Ẹni tí kò mọ ìránṣọ ì bá ti sọ pé kò ṣeé ṣe. Èmi ńkọ́? Mo gé ọ̀rá líle tó mọ́ gaara, mo ká a ní róbótó, mo fi aṣọ múlọ́múlọ́ bo etí rẹ̀ kó má bàa ha á lọ́rùn, mo fi okùn pẹlẹbẹ sí i lẹ́yìn. Bí ẹ bá rí kọ́là ọ̀hún, ẹ ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni. Fáàrí wọ̀ ọ́, ó dà bí ọmọ tó fẹ́ lọ kọrin níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó lè jẹ koríko, ó lè mu omi, ṣùgbọ́n kò lè dé ibi tí Màmá ò fẹ́ kó dé. Wọ̀bìà ní tirẹ̀ ń ṣe bó ṣe fẹ́ nínú àgò kejì. Màmá ní akọ ni, kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo àárọ̀, nǹkan rírọ̀ kan ń wà nílẹ̀ àgò Fáàrí. Ó ń dán, ó lẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀wà tí wọ́n da oyin sí. Màmá á gbá a dànù, wọ́n á fi omi tó ń ta nímú nu ojú ibẹ̀, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á jókòó kí àwọn méjèèjì jẹun.

Fáàrí ń jẹun gan-an. Ó ń jẹun ju Wọ̀bìà lọ. Síbẹ̀, nígbà tó ṣe, mo gbé e láti tún okùn kọ́là rẹ̀ so, ọwọ́ mi kan egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún Màmá. Wọ́n ní àwọn náà ti rí i, wọ́n sì ti fi kún koríko. A tún fi kún un. Ó tún jẹ ẹ́ tán, ó tún rù. Wọ̀bìà ń sanra lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó kà á sí. Mo bú u pé òun ló ń jẹ oúnjẹ Fáàrí lójú àlá.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Fáàrí kọ ẹ̀yìn sí koríko. Ó ká ara jọ sí igun, irun rẹ̀ dúró ṣánṣán. Màmá gbé abọ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Ọ̀sán dé, ehoro ò jẹun, Màmá ò jẹun. Alẹ́ lẹ́, mo dá oúnjẹ padà sínú ìkòkò bí mo ṣe bù ú.

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù. Ó ní kí n máa rọra bá a sọ̀rọ̀.

"Ta ni kí n bá sọ̀rọ̀," mo ní, "ṣé ehoro ni àbí ìyá ẹ?"

Mo gé fóònù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo di Fáàrí sínú apẹ̀rẹ̀, mo ní mò ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Màmá ti wọ bàtà kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Obìnrin ni dókítà náà, kò tíì dàgbà púpọ̀, ó wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún. Màmá kọ́kọ́ wo ilẹ̀ yàrá náà yí ká. "Ilẹ̀ yín mọ́," ni wọ́n wí, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti gbà á ní dókítà. Ó gbé Fáàrí sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ wá ikùn rẹ̀ kiri, ó fi ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ èémí sí i, ó tẹ́tí sílẹ̀ pẹ́ títí.

"Ó yẹ kí inú ehoro máa kùn ni," ó ní. "Inú rẹ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́." Ó wá fọwọ́ kan kọ́là. "Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni," mo yára fèsì, mo ń retí ìyìn.

"Iṣẹ́ yín dára o. Kí ló wà fún?"

Màmá ló dá a lóhùn. Wọ́n ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ létòlétò, ohùn nọ́ọ̀sì tó ń ròyìn aláìsàn fún dókítà. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga, ó jókòó. Téèpù ìwọ̀n mi wà lọ́rùn mi, bí àwa aránṣọ ṣe máa ń rìn. Ó tọrọ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Ẹnu rèé," ó ní, ó fi ìka sí ìbẹ̀rẹ̀ téèpù. "Koríko wọlé, ó balẹ̀ sínú ikùn, ó kọjá sínú ìfun tẹ́ẹ́rẹ́. Ibí yìí gan-an ni ara ti ń mú ohun tó dára nínú oúnjẹ. Ṣùgbọ́n koríko le. Kò tíì jinná nígbà tó ń kọjá níbẹ̀." Ó gba pọ́ọ̀sì mi, ó gbé e síbi tí téèpù ti fẹ́ tán. "Àpò ńlá kan wà lẹ́yìn ìfun tẹ́ẹ́rẹ́, ó tóbi ju ikùn gan-an lọ. Àwọn nǹkan abẹ̀mí wíntíwíntí tí ojú ò lè rí ló ń gbé inú rẹ̀. Àwọn ló ń bá ehoro se koríko náà títí yóò fi di oúnjẹ."

Màmá lejú. "Kòkòrò àrùn?"

"Kòkòrò ni, mà, àmọ́ kì í ṣe ti àrùn. Alásè ni wọ́n."

Màmá fi ìka tọ téèpù padà láti ibi pọ́ọ̀sì, wọ́n rọra ń lọ sẹ́yìn. "Dókítà, àpò yìí ti kọjá ibi tí ara ti ń gba oúnjẹ."

"Ẹ ti mú un, mà."

"Ẹ dúró ná," mo ní. "Ẹ ní ọ̀nà yàrá ìjẹun ni oúnjẹ kọ́kọ́ gbà kó tó dé ilé ìdáná?"

Dókítà rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ìdí nìyẹn tí oúnjẹ fi gbọ́dọ̀ tún ọ̀nà náà rìn. Màlúù ní tirẹ̀, iwájú ni ibi tó ti ń se koríko wà, ó lè pọ̀ ọ́ padà sẹ́nu kó tún un jẹ. Ehoro ò lè bì láéláé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún un. Ó fi ọwọ́ kan òpin téèpù, kò sẹ́ni tó bi í níbo nìyẹn.

"Oríṣi méjì ló ń jáde lára rẹ̀," ó ní. "Èyí tó gbẹ, tó rí róbótó, ìgbẹ́ nìyẹn, kì í tún wò ó. Èyí tó rọ̀, tó ń dán, oúnjẹ tó ti jinná ni. Tó bá jókòó sinmi jẹ́ẹ́ ló máa ń jáde, á tẹ orí sílẹ̀, á gbà á, á gbé e mì. Bí kò bá rí ìyẹn jẹ, kó jẹ koríko oko kan tán, ara rẹ̀ á ṣì máa wá oúnjẹ."

Màmá fọwọ́ kan orí Fáàrí. Wọ́n wá ní, "Gbogbo àárọ̀ ni mo ń gbá a dànù."

"Ẹ ò mọ̀ ni, mà. Ọ̀pọ̀ ni ò mọ̀." Ó tú okùn kọ́là. Ó ní kí a máa fún Fáàrí ní omi pẹ̀lú koríko gbígbẹ, kí a máa fọwọ́ ra á ní ikùn. Ṣùgbọ́n àwọn alásè inú àpò rẹ̀ ti kú púpọ̀, a ní láti wá òmíràn fún un lára ehoro tí ara rẹ̀ le. Kí a fi kọ́là náà sí Wọ̀bìà lọ́rùn láàárọ̀, kó má bàa gba tirẹ̀ jẹ, kí a mú èyí tó rọ̀ kí ó tó tutù, kí a fi bọ́ Fáàrí. "Ẹ má sì fọ̀ ọ́ o, mà."

"Kí n má fọ̀ ọ́?"

"Ẹ má fi omi kàn án. Ẹ̀mí ló wà nínú rẹ̀."

Mo bi í bóyá ó máa yè. Ó ní tí inú rẹ̀ bá fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lọ́la tàbí ọ̀tunla, ó máa yè. Tí kò bá kùn, kí a má retí rẹ̀ mọ́.

Ìgbà tí a délé, tí mo ń ṣílẹ̀kùn, ni Màmá ní, "Ìyàwó mi, bí ehoro yìí bá kú, má wulẹ̀ gbé oúnjẹ wá bá mi mọ́. Máa fi sílẹ̀ fún ara rẹ."

Inú bí mi. Ẹ̀rù náà sì bà mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. "Ẹ̀yin náà, Màmá!" mo ní. "Ṣé èmi kì í ṣèèyàn lójú yín ni? Ṣé ehoro nìkan lẹ ń bá gbélé ni?" Wọ́n fi ọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n wọlé lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ tí kò dọ̀tí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a so kọ́là mọ́ Wọ̀bìà lọ́rùn. Kò gbà á, ọrùn rẹ̀ ti ki jù, mo ní láti tú okùn sílẹ̀. Ó jókòó bí ọ̀gá tí wọ́n já sí ìhòòhò lójú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó kọ̀ láti wò wá. Mo mú ìbọ̀wọ́ wá fún Màmá. Wọ́n yọwọ́ kúrò.

"Ìbọ̀wọ́ ò ní jẹ́ kí n mọ̀ bó bá ṣì ń gbóná."

Ọwọ́ lásán, ẹ̀yin èèyàn mi! Màmá tó ń fi ọṣẹ fọ àlùbọ́sà! Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ Wọ̀bìà títí nǹkan náà fi bọ́ sí i. Wọ́n gbé e lọ bá Fáàrí, ó kọ ojú sí ògiri. Wọ́n fi díẹ̀ ra á létè. "Gbà á," wọ́n ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "jọ̀ọ́, gbà á, ẹnu kan péré." Kò gbà á. Wọn ò dìde. Orúnkún wọn wà ní ilẹ̀, èmi ń ra ikùn ehoro, oòrùn ti ń gun ògiri. Nígbà tó ṣe, ahọ́n pupa kékeré yọ, ó lá ètè rẹ̀. Ó tún lá a. Ó wá na imú sí àtẹ́lẹwọ́ Màmá, ó gba ìyókù níbẹ̀.

A tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí Fáàrí jẹ tirẹ̀ tán, Màmá gbé e, wọ́n fi etí lé e níkùn, wọ́n di ojú. Mi ò mí.

"Ó ń kùn," ni wọ́n wí.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, Fáàrí dìde, ó na ara, ó fa ẹyọ koríko kan, ó fa òmíràn. Ó jẹ ẹ́, ó sinmi. Ó wá tẹ orí sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gba ti ara rẹ̀, ó gbé e mì. Màmá ò gbé ojú kúrò. Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ mi. Mo sáré wọlé, mo bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹja sínú abọ́ wọn, mo sáré jáde, mo gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀. Ehoro ń jẹun, ó tán, ẹ jẹ́ kí Màmá jẹun.

Màmá ò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Màmá, ó ń jẹun o. Ẹ wò ó."

"Mo rí i." Wọ́n fọwọ́ nu ojú. "Láti ìgbà tí Bàbá yín ti fẹ́ mi, inú abọ́ mi ni wọ́n ti ń jẹun. N óò bu tiwọn, wọ́n á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ki ọwọ́ bọ tèmi. Mo jà títí, ó sú mi. Nígbà tí àìsàn wá dé, mo ya abọ́ wọn sọ́tọ̀, mo ya síbí wọn sọ́tọ̀, mo ń fi omi gbígbóná sè é. Wọ́n á na ọwọ́ sí abọ́ mi, n óò gbé e kúrò. Mo ní, ẹ jẹ tiyín, tiyín ló mọ́. Nígbà tó yá, wọn ò na ọwọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ parí nìyẹn."

"Màmá, àìsàn ló pa Bàbá."

"Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ ohun tó pa wọ́n." Wọn ò pariwo. "Ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ ni mò ń sọ. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ, mo sì gbé e kúrò níwájú wọn."

Mo fẹ́ràn obìnrin yìí. Ni mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, mo ki ọwọ́ bọ inú abọ́ wọn, mo bu ìrẹsì, mo fi sẹ́nu.

Màmá wo ọwọ́ mi. Koríko ṣì wà léèékánná mi.

"O ò fọ ọwọ́," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo tún bù. Wọ́n ń wò mí. Wọ́n wá na ọwọ́ wọn náà, wọ́n bu ti ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìka mi wà, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n tún bù. Ọwọ́ wa ń kọ lu ara wọn nínú abọ́, wọn ò gbé tiwọn kúrò. Nígbà tí ó kù díẹ̀ nílẹ̀ abọ́, wọ́n tì í sí mi.

"Dìde, lọ bù sí i wá," ni wọ́n wí. "Kí o sì bù ú kí ó tó èèyàn méjì."